Ìwúre fún Olùkọ́ tí Àdéhùn Iṣẹ́ Rẹ̀ Ń Parí Lọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìbà Olódùmarè, Ọba tó ni ilé, tó ni oko, tó ni ìdálẹ̀. Ìbà àwọn tó kọ́kọ́ di ọwọ́ wa mú kí a tó lè kọ A, B, D. Ìbà olùkọ́ tó ń kọ́ni lọ́wọ́, ìbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ìbà èyí tó ti sùn tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọmọ ọlọ́mọ. Mo júbà kí n tó la ẹnu. Kí ìbà mi ṣẹ, kí ọ̀rọ̀ mi bá àṣẹ pàdé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin ni mo ń wúre fún. Ẹ̀yin tí ẹ gbéra ní Ìbàdàn, ní Adó-Èkìtì, ní Òṣogbo, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìlọrin, tí ẹ ń kọ́ni báyìí ní London, ní Manchester, ní Birmingham, àti ní àwọn ìlú kéékèèké tí orúkọ wọn kì í dé etí ará ilé. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà láti bèèrè fún QTS, ìwé ẹ̀rí pé ó kúnjú ìwọ̀n olùkọ́ lọ́dọ̀ wọn, bó bá jẹ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Ọ̀pọ̀ nínú yín gba ọ̀nà yẹn wọlé. Ẹ kò yọ́ wọlé, ẹ kò fo odi; wọ́n nílò yín ni wọ́n fi pè yín. Kí ẹni tó pè yín má ṣe gbàgbé ohun tó pè yín fún. Àṣẹ.

Àdéhùn a máa ní òpin. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ tó lọ bímọ, tí ẹ ń bá a di àyè rẹ̀ mú, ti ń padà bọ̀. Ó lè jẹ́ pé iye ọmọ tó ń wọlé ń dín kù, tí owó tí ilé ìwé ń rí gbà sì ń dín kù tẹ̀lé e. Ó lè jẹ́ pé ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé náà ló pé. Ọmọ onílẹ̀ tí irú èyí bá dé bá yóò kàn wá iṣẹ́ mìíràn ni. Ní tiyín, iṣẹ́ àti àṣẹ ìgbélùú jọ so pọ̀ ni; bí ọ̀kan bá tú, èkejì á mì. Ìdí nìyí tí mo fi ń wúre. Ohun kan ni mo sì ń tọrọ fún yín ju gbogbo ohun yòókù lọ: kí ìmọ̀ yín ṣáájú ọjọ́ yín. Kí ẹ mọ ọ̀nà tó wà nílẹ̀ nígbà tí àdéhùn ṣì wà lọ́wọ́, kó má jẹ́ ọjọ́ tó bá parí ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè.

Olódùmarè, kí n tó tọrọ fún àwọn ọmọ wa tó di àlejò, jẹ́ kí n rántí àlejò tiwa. Láàárín ọdún 1970 sí 1983, àwọn olùkọ́ ará Gánà wà káàkiri àwọn ilé ìwé girama ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó di dókítà àti ẹnjiníà lónìí ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, ọ̀sẹ̀ bíi méjì péré ni wọ́n sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àṣẹ náà kò kan gbogbo àlejò, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ wọ ilé gbogbo wọn. Olódùmarè, forí jì wá. Má ṣe fi ohun tí a ṣe fún àlejò san án fún ọmọ wa. Jẹ́ kí wọ́n rí àánú ju èyí tí a ṣe lọ, jẹ́ kí ilẹ̀ tí wọ́n ń sìn bu ọlá fún òógùn ojú wọn. Àmín, àṣẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ọjọ́ yín má ṣe fara pamọ́ fún yín. Físà Skilled Worker tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń ṣiṣẹ́ a máa parí ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn ọjọ́ ìparí iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú COS, ìyẹn ìwé onígbọ̀wọ́ tí ilé ìwé gbà fún yín. Bí iṣẹ́ bá dúró kí ọjọ́ náà tó pé, ilé ìwé gbọ́dọ̀ fi tó Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Home Office yóò wá kọ̀wé láti gé físà náà kúrú. Ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Bí èyí tó kù lórí físà kò bá tó 60, ìwọ̀nba tó kù náà ni. Kí Olódùmarè fún yín ní ojú tí ń ka ìwé dé ìlà ìkẹyìn. Láti òpin ọdún 2024 tí káàdì ìgbélùú ti kásẹ̀ nílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí físà yín wà. Kí ímeèlì àti àdírẹ́sì tí ẹ fi síbẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ń lò, kí lẹ́tà tó kàn yín má baà lọ sí ilé tí ẹ ti kó kúrò. Lẹ́tà yín kò ní sọnù. Ọjọ́ yín kò ní kọjá lórí yín láìmọ̀. Àṣẹ.

Mo wúre pé kí oṣù Ẹrẹ́nà bá yín lójúfò. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ilé ìwé ìjọba sílẹ̀ ní òpin oṣù Ògún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ọjọ́ 31 oṣù Èbìbí tó kọjá. Nítorí náà, ṣáájú ọjọ́ yẹn ni àyè máa ń ṣí káàkiri, ìgbà yẹn ni àwọn olùdarí ilé ìwé máa ń wá ènìyàn kíkankíkan. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ilé ìwé bá ti ti ilẹ̀kùn fún ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn yóò bá ìdíje púpọ̀ lórí àyè díẹ̀. Ẹ ó tètè jí. Ẹ ó tètè bèèrè lọ́wọ́ olùdarí yín bóyá àdéhùn yóò tún máa bá a lọ, ìdáhùn tí wọn yóò fún yín yóò sì jẹ́ òtítọ́. Bí bẹ́ẹ̀ ni bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fi í sórí ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì lè rìn.

Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ 60 ló kù sí yín lọ́wọ́, mo wúre pé ọjọ́ 60 náà yóò tó. Kò ní jẹ́ ọjọ́ ẹkún. Ìtìjú ti jẹ ọ̀sẹ̀ mọ́ ẹni rere lọ́wọ́: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ fún ọ̀rẹ́, kò sọ fún ẹ̀gbọ́n, ó ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde láràárọ̀ kí aládùúgbò má baà fura. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ ó sọ fún aya, ẹ ó sọ fún ọkọ. Ẹ ó sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, NEU ni o, NASUWT ni o. Ẹ ó sọ fún ọ̀gá tó rí iṣẹ́ yín, tó lè kọ ìwé ìjẹ́rìí fún yín. Ahọ́n yín kò ní wúwo láti bèèrè. Etí ẹni tí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní di. Àṣẹ.

Ẹ ó rí ilé ìwé tí yóò gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, tí yóò sì ní àṣẹ láti gbà yín. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló ní ìwé àṣẹ onígbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n ìjọba a máa tẹ orúkọ gbogbo àwọn tó ní in jáde, lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹnikẹ́ni sì lè wò ó. Kí ojú yín rí orúkọ ilé ìwé náà níbẹ̀ kí ọwọ́ yín tó kan bírò. Físà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé àkọ́kọ́ kò bá yín lọ sí èkejì. Ẹ ó gba COS tuntun, ẹ ó fi bèèrè fún físà tuntun láàárín oṣù 3 tí wọ́n gbà á fún yín, ẹ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun náà kí ìdáhùn tó dé. Òfin fàyè gba iṣẹ́ àfikún tí kò ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún yín ní físà ló ń tọ̀. Bí iṣẹ́ yẹn bá dúró, àfikún náà dúró. Kí ebi má ṣe ti ẹsẹ̀ yín dé ibi tí òfin kò sí lẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ kí físà àtijọ́ tó parí, òfin ìwọ̀lú ọdún 1971, ní abala 3C, a máa dáàbò bò yín títí ìdáhùn yóò fi dé. Ẹ kò ní pẹ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Owó rẹ̀ kò ní wọ́n yín lọ́wọ́, àti ti físà àti ti ìlera tó jẹ́ £1,035 lọ́dún kan fún àgbàlagbà kan. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń retí ìdáhùn, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sílé ti fa ìbéèrè rẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ Olódùmarè fún àwọn tó wà nílé: kí màmá yín má ṣàìsàn lákòókò yẹn, kí bàbá yín má ṣubú, kí ìròyìn òjijì má ṣe dún lórí fóònù yín lóru. Ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ láàyè, láàyè ni ẹ ó bá a. Ẹ ó ní ìwé tuntun lọ́wọ́, ẹ ó sì wá kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Àṣẹ.

Ọwọ́ oníjìbìtì kò ní tó yín. Wọ́n pọ̀, àwọn tó ń ta COS bí ẹni ń ta iṣu. Wọ́n ń kí wa ní èdè wa, wọ́n mọ oríkì ìlú wa, wọ́n sì ń gba owó tí olùkọ́ fi ọdún púpọ̀ tù jọ. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ nítorí òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, onígbọ̀wọ́ ni yóò san án. Láti òpin ọdún 2024, kò tún gbọdọ̀ gbé owó COS fúnra rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ Skilled Worker lórí. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fún iṣẹ́ tí kò sí, ọ̀tá yín ni, bó ti wù kó máa pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá fi ìgbéyàwó ayédèrú lọ̀ yín. Irọ́ tí a bá fi sínú ìbéèrè físà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ni fún ọdún 10. Kí ẹni tí yóò gbà yín nímọ̀ràn jẹ́ agbẹjọ́rò gidi, tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority. Ẹ kò ní bọ́ sọ́wọ́ aṣebi. Owó yín kò ní di owó ẹkún. Àṣẹ.

Ìwé ẹ̀rí yín kò ní jókòó sínú àpótí. Olùkọ́ láti òkè òkun tí kò ní QTS lè kọ́ni fún ọdún 4 ní àwọn ilé ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó; lẹ́yìn náà, àyè rẹ̀ á há. Kí ọdún kẹrin má ṣe dé bá yín lọ́wọ́ òfo. TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ nílé, yóò dá yín lóhùn nígbà tí ẹ bá bèèrè ìwé pé orúkọ yín mọ́. Yunifásítì yín yóò rí èsì ìdánwò yín nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ń wo Scotland, kí ó rántí pé lọ́tọ̀ ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, lọ́dọ̀ GTC Scotland, kí ó sì tètè bẹ̀rẹ̀. Ìdánimọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ yóò pé pérépéré, kò ní kù síbì kan.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kí Olódùmarè fi ọ̀nà tó tọ́ sí kálukú hàn án. Ẹ̀yin tí aya yín jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ọkọ yín wà lórí físà iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀nà wà láti di ẹni tó fara ti físà ẹnìkejì. Ẹni tó bá wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀ lè kọ́ni láìwá onígbọ̀wọ́. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ amòfin kí ó tó yí padà, nítorí ọdún tó ti kà bọ̀ sí ìgbélùú títí láé lè má bá a lọ síbẹ̀. Kí ìgbéraga ọkọ má dí ọ̀nà ilé, kí aya má sì fi ìrànlọ́wọ́ ṣe ẹ̀gàn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí ẹni tó ti rí ìgbélùú títí láé gbà, tí ìfẹ́ yín sì jẹ́ òtítọ́, ọ̀nà ìdílé wà. Láti oṣù Igbe ọdún 2024, £29,000 lọ́dún ni owó tó yẹ kó máa wọlé. Yóò máa wọlé. Ẹ̀yin tí ó wù láti padà sí yunifásítì, ọ̀nà akẹ́kọ̀ọ́ wà, físà Graduate sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 2 ni ọ̀pọ̀ ń gbà lórí rẹ̀, yóò sì di oṣù 18 fún ẹni tó bá bèèrè láti ọjọ́ kìíní ọdún 2027. Ẹ fi sọ́kàn pé láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú aya tàbí ọmọ wá mọ́. Ọ̀nà tí yóò tú ìdílé yín ká kò ní jẹ́ tiyín.

Ẹ̀yin tí ó kù díẹ̀ kí ẹ pé ọdún 5, mo wúre àkànṣe fún yín. Yíyí ilé ìwé padà kò pa ọdún yín rẹ́: ti ilé ìwé kìíní àti ti èkejì á parapọ̀, níwọ̀n ìgbà tí àlàfo kò bá sí láàárín físà méjèèjì, tí ẹ kò sì fi ju ọjọ́ 180 lọ jìnnà sí ilẹ̀ náà láàárín oṣù 12 kankan. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2025, ìjọba mú àbá jáde pé kí ọdún 5 di 10 fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkàn púpọ̀ dààmú. Olódùmarè, Ìwọ lo ni ọkàn àwọn tó ń ṣòfin. Jẹ́ kí wọ́n rántí pé ẹni tó fi ilé sílẹ̀ lórí ìlérí kan gbé ayé rẹ̀ lé ìlérí náà. Jẹ́ kí wọ́n rí ojú ènìyàn lẹ́yìn iye tí wọ́n ń kà.

Mo wúre fún ọmọ yín. Físà tirẹ̀ náà so mọ́ tiyín, kò sì mọ̀. Ó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Yorkshire, ó ti ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lọ sílé ìwé. Kò ní jẹ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò ti gbọ́ pé ilé ń mì. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu bá a sọ, yóò sì mọ̀ pé ibi tí òbí òun bá wà, ibẹ̀ nilé òun. Yorùbá kò ní kú lẹ́nu rẹ̀. Ibi yòówù kó dàgbà sí, yóò kúnlẹ̀ kí àgbà, yóò dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, yóò sì mọ ìdí tó fi ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ọ̀nà yín yí padà sílé, ẹ má ṣe rò pé ìwúre yìí yẹ̀ yín sílẹ̀. Mo wúre fún yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ ó jáde kí físà tó parí, kí orúkọ yín lè mọ́ nínú àkọsílẹ̀. Nítorí ẹni tó bá dúró kọjá ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí àṣẹ rẹ̀ parí lè bá ìdènà ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé. Ẹni tó jáde ní mímọ́ lè padà wọlé ní mímọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní pè yín ní ẹni tí wọ́n lé wálé. Ilẹ̀ tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955 kò tíì ní àpọ̀jù olùkọ́ rere rí. Ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀ yóò wúlò níbí. Owó tí ẹ kó bọ̀ yóò ṣe ohun tó nítumọ̀. Àwọn ará ilé yóò fi ọ̀yàyà gbà yín, wọn kò ní wo àpótí yín kí wọ́n tó wo ojú yín. Àṣẹ.

Olódùmarè, bùkún fún olùdarí ilé ìwé tó ń fi ọ̀sán àti òru jà kí olùkọ́ rẹ̀ má baà lọ. Bùkún fún òṣìṣẹ́ Home Office tó ń ka ìwé pẹ̀lú sùúrù. Bùkún fún pásítọ̀, fún ìmáàmù, fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó fi yàrá kan sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oore wọn kò ní já sófo.

Wàyí o, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tẹ́wọ́ gbà á. Orí yín á gbè yín. Ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ. Ilé ò ní lé yín, ọ̀nà ò ní nà yín. Ẹ kò ní ṣiṣẹ́ ọdún kí ẹ gba ti oṣù. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ yóò tètè dé etí yín, ẹni tó yẹ kí ẹ bá pàdé yóò tètè dé iwájú yín, ìwé tó yẹ kí ẹ gbà yóò tètè dé ọwọ́ yín. Ìwé lè sọ iye ọjọ́ tí ẹ ó lò nílẹ̀ onílẹ̀. Kò lè sọ iye tí ẹ jẹ́. Ọmọ tí ẹ kọ́ tó fi mọ ìṣirò yóò máa mọ̀ ọ́n títí ayé, iṣẹ́ yín kò sì ní bá àdéhùn parí. Bí ẹ ó bá dúró, ẹ ó dúró lábẹ́ òfin, pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí ẹ ó bá lọ, ẹ ó lọ pẹ̀lú iyì, lórúkọ rere. Èyí tí ẹ bá yàn nínú méjèèjì, ẹ̀yin ni ẹ ó yàn án, kò ní jẹ́ ọjọ́ tó ti kọjá ni yóò bá yín yàn án.

Bí mo ti wí ni kó rí. Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ.